Ambrose Campbell: Ọmọ Èkó Tí Ó Bá Àwọn Olórin Kọ́ńtìrì Rìn, Tí Ilé Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Zaria kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Birnin wà nínú odi rẹ̀ láti ayé àwọn ọba Hausa. Sabon Gari ni ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò tí rélùwéè kó wá láti gúúsù. GRA sì ni àwọn òyìnbó fi ṣe ibùgbé ara wọn, níbi tí ilé kan ti jìnnà sí èkejì, tí igi dongoyaro sì fi òjìji bo ẹ̀gbẹ́ títì. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba àti àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ilé náà, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára wọn.

Bí ibùgbé ṣe yàtọ̀ ni orin náà yàtọ̀. Ní Sabon Gari, jùjú, àpàlà àti sákárà ni ó ń dún láti ilé ọtí dé ṣọ́ọ̀bù alágbàtà àwo orin. Ní GRA, giramafóònù inú pálọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, orin tí ó sì sábà máa ń ti orí rẹ̀ jáde ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni orin kọ́ńtìrì àwọn ará Amẹ́ríkà, pàápàá ti Jim Reeves, ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú já pẹ̀lú rẹ̀ ní 1964 ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ kò kúrò ní Nàìjíríà títí di òní. Bongos Ikwue, ọmọ Idoma tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, mú gìtá àti ohùn jẹ́jẹ́, ó fi kọ orin tí ó bá ti àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyí tan, gbogbo Nàìjíríà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó fẹ́ràn orin kọ́ńtìrì ni ó gbà pé ti òyìnbó ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé kò sí ọwọ́ tiwa níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Banjo tí ó ń dún gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n nínú orin náà, àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ni ó gbé ìmọ̀ rẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé ti ayé àtijọ́ nìyẹn, ọmọ Èkó kan wà tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀ ní 1972, tí ó bá àwọn ọ̀gá nínú orin náà ṣiṣẹ́, tí ó sì lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún láàrin wọn. Ambrose Campbell ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọládipúpọ̀ Adékọ̀yà ni wọ́n sọ ọ́ nílé.

ÒKÚ Ọ̀FỌ̀ KAN NÍ CALIFORNIA

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí òǹkàwé mọ irú agbo tí ó lọ bá. Ní àwọn ọdún 1960, orin kọ́ńtìrì àti orin rọ́ọ̀kì kì í jókòó pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Orin àwọn àgbẹ̀ àti àwọn awakọ̀ ilẹ̀ gúúsù ni kọ́ńtìrì. Rọ́ọ̀kì jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́ ìgboro tí wọ́n dá irun sí dé èjìká. Lára àwọn tí ó so méjèèjì pọ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń ta jù lóde òní ni Gram Parsons.

Ọmọ olówó ni. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1946 ní ìpínlẹ̀ Florida, ó sì dàgbà ní Waycross ní ìpínlẹ̀ Georgia. Àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní oko ọsàn tí ó lọ salalu. Ṣùgbọ́n owó kò lé ìbànújẹ́ lọ. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ nígbà tí Kérésìmesì 1958 ku ọ̀túnla. Ọtí sì pa ìyá rẹ̀ ní 1965, ní ọjọ́ gan-an tí ọmọ ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1968 ó wọ inú ẹgbẹ́ The Byrds, ó sì fà wọ́n títí wọ́n fi ṣe àwo Sweetheart of the Rodeo, tí kò tà tó bí wọ́n ti rò nígbà náà, ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn fi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ńtìrì rọ́ọ̀kì lónìí.

Ohun kan wà tí ó ṣe ní oṣù keje ọdún yẹn tí ó yẹ kí ọmọ Áfíríkà mọ̀. Ẹgbẹ́ The Byrds fẹ́ lọ ṣeré ní South Africa. Parsons kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò ní kọrin níbi tí wọ́n ti ń fi àwọ̀ ara ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ó dúró sí London, àwọn yòókù sì lọ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà sọ lẹ́yìn náà pé àwáwí ni, pé àwọn Rolling Stones ni ó fẹ́ máa bá jókòó ní London. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ilẹ̀ àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà, iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà sì parí síbẹ̀.

Ó dá ẹgbẹ́ Flying Burrito Brothers sílẹ̀ pẹ̀lú Chris Hillman. Lẹ́yìn náà ó rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Emmylou Harris, ó fi í ṣe elégbè. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 1973, ní ilé ìtura kan ní Joshua Tree ní California, ọtí àti mọ́fíìnì pa á. Ọmọ ọdún 26 ni.

Ohun tí ó tẹ̀lé e burú lójú Yorùbá. Kí ẹbí tó gbé òkú rẹ̀ sọdá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Phil Kaufman àti ẹnì kejì kan jí pósí náà gbé ní pápákọ̀ òfuurufú Los Angeles, wọ́n gbé e padà sí aṣálẹ̀ Joshua Tree, wọ́n sì dáná sun ún, nítorí àdéhùn tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jọ ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, pósí tí wọ́n jí ni wọ́n sanwó ìtanràn lé lórí. Níbi tiwa, òkú ọ̀fọ̀ ni irú èyí. Àwọn àgbà a máa rọra sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, wọn kì í fi í pa ìtàn ní gbangba. Ní Amẹ́ríkà, ìtàn náà gan-an ni ó gbé orúkọ Parsons dìde. Àwọn tí kò ra àwo rẹ̀ nígbà tí ó wà láyé ń rà á nítorí bí ó ti kú, Emmylou Harris sì ń kọ àwọn orin rẹ̀ kiri ayé, ó ń dárúkọ rẹ̀ níbi gbogbo tí ó bá dé.

Nígbà tí Parsons àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àwo Burrito Deluxe ní 1970, ọ̀gbẹ́ni kan láti ìpínlẹ̀ Oklahoma wà tí ó bá wọn tẹ píánò nínú rẹ̀. Leon Russell ni orúkọ rẹ̀. Kí òǹkàwé fi orúkọ yìí pamọ́ ná.

ETÍ TÍ Ó WÀ NÍ ÈBÚTÉ

Wọ́n bí Ambrose Campbell ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1919, èyí tí ó fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ju Gram Parsons lọ. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó sì ń bá wọn kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà ní èbúté.

Ní èbúté Èkó ìgbà náà ni àwọn Kru, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi láti Liberia, ti ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú gìtá wọn. Àtàǹpàkò àti ìka kejì ni wọ́n fi ń ta á: àtàǹpàkò a máa rìn ní ìsàlẹ̀ bí ẹni ń lu ìyáàlù, ìka kejì a sì máa fèsì lókè. Àwọn ọmọ Èkó gba ọgbọ́n yìí, wọ́n gbé e lọ sí ìdí agbè ẹmu, wọ́n fi ìlù àṣìkò sí i, wọ́n fi òwe àti oríkì Yorùbá kọ orin lé e. Ibẹ̀ ni Tunde King ti jáde, tí àwo rẹ̀ tí Parlophone tẹ̀ ní 1936 wà lára àwọn àkọ́kọ́ nínú ohun tí a ń pè ní jùjú. Àwọn òbí onígbàgbọ́ kò fẹ́ gbọ́ ọ. Lójú wọn, ìpátá ni onígìtá, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó máa jókòó ti ẹlẹ́mu. Ọ̀dọ́mọkùnrin Campbell ń yọ́ lọ bá wọn. Ó sì bá ẹgbẹ́ Jolly Boys ṣeré.

Ogun Hitler ni ó gbé e kúrò nílé. Ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí ọkọ̀ sì dé Liverpool, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì bá a padà. Ó forí lé London. Ibẹ̀ ni òun àti Brewster Hughes, onígìtá bíi tirẹ̀, ti pàdé. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 1945, tí ogun parí ní ilẹ̀ Europe, tí gbogbo London tú síta, àwọn ọmọ Áfíríkà wọ̀nyí gbé gìtá àti ìlù wọn dé Piccadilly Circus, wọ́n ń ṣeré láàrin èrò, èrò sì ń jó tẹ̀lé wọn. Ọdún mẹ́ta gbáko nìyẹn kí ọkọ̀ Empire Windrush tó gbé àwọn ará Caribbean dé England ní 1948, èyí tí àwọn òpìtàn òyìnbó fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn orin àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀.

Láti ara eré ìta yẹn ni ẹgbẹ́ West African Rhythm Brothers ti di ẹgbẹ́ gidi. Ní 1946, nígbà tí Berto Pasuka, ọmọ Jamaica, dá ẹgbẹ́ oníjó Les Ballets Nègres sílẹ̀, Campbell àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó ń lùlù fún wọn. Ilé-iṣẹ́ Melodisc ní London tẹ àwo wọn, wọ́n ń tà á ní England, wọ́n sì ń kó o wọ ọkọ̀ padà sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Báyìí ni ohùn ọmọ tí ó sá kúrò ní èbúté ṣe ń padà sí èbúté, nígbà tí ara rẹ̀ kò padà.

Láti 1952, ilé ijó Abalabi ní Berwick Street, ní Soho, ni wọ́n ti ń ṣeré. Ọmọ Yorùbá ni ó ni ín. Ní London ìgbà náà, onílé a máa kọ ọ́ sí ojú fèrèsé pé òun kò gba aláwọ̀ dúdú, ilé ijó mìíràn a sì lé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, Abalabi ju ilé ijó lọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, atukọ̀ àti òṣìṣẹ́ tí ó ti ilé wá. Ẹni tí ó bá ń gbé Sabon Gari ní Zaria, ní Kano tàbí ní Jos, tí ó mọ ohun tí gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn ọmọ ìlú jẹ́ fún àlejò, kò nílò àlàyé lórí èyí. Àwọn òyìnbó olórin jáásì náà ń wá síbẹ̀ lóru láti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín ìlù. Colin MacInnes, tí ó kọ ìwé City of Spades ní 1957, wà lára àwọn tí ó ń wá gbọ́ wọn. Fela, tí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ orin ní London ní 1958, mọ̀ ọ́n. Ẹnu Fela ni a sì ti gbọ́ pé Campbell ni bàbá orin ìgbàlódé Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá mọ Fela mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tọrẹ.

LÁTI SOHO DÉ NASHVILLE

Nígbà tí ọdún 1970 fi máa wọlé, àwọn ọ̀dọ́ London kò jó orin ẹlẹ́mu mọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà sì ti padà sílé lọ gba ipò tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ilé GRA káàkiri Nàìjíríà fi kún fún àwọn tí ó ti jó sí orin Campbell rí ní Abalabi, tí wọn kò sì bá ọmọ wọn sọ ọ́. Campbell kò bá wọn padà. Ní 1972, ẹni ọdún 53, ó kọjá sí Los Angeles, ó wọ ẹgbẹ́ Leon Russell.

Leon Russell yìí ni ẹni tí ó bá Gram Parsons tẹ píánò ní ọdún méjì ṣáájú. Ọ̀gá ni láàrin àwọn tí ń da kọ́ńtìrì, rọ́ọ̀kì àti orin ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀. Ó ti wà nínú eré ńlá tí George Harrison ṣe fún àwọn ará Bangladesh ní 1971. Ní 1973 ó gbé àwo Hank Wilson's Back jáde, tí ó jẹ́ orin kọ́ńtìrì ní kíkún. Òun àti Willie Nelson jọ ṣe àwo One for the Road ní 1979. Inú irú agbo yìí ni ọmọ Èkó náà wọ̀, ó ń bá Russell rìnrìn-àjò eré, ó ń bá Willie Nelson náà ṣiṣẹ́, ìlù sì ni iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé ní Nashville, olú ìlú orin kọ́ńtìrì ní gbogbo àgbáyé, níbi tí ètò Grand Ole Opry ti ń lọ lórí rédíò láti 1925.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ní ọdún tí Parsons kú sí ilé ìtura, Campbell ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpínlẹ̀ kan náà ni. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ olóko ọsàn tí ó ń wá orin tí yóò so dúdú àti funfun pọ̀. Èkejì ti ń ṣe é ní òru London láti ìgbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà ní ọmọ ọwọ́. Igi tí ó tọ́ kì í pẹ́ nígbó, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí, wọ́n sì ń fi í tu ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú nínú. Òwe náà kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí igi tí ó tọ́ tí ó sì pẹ́. Campbell kò fi ìtàn ikú jíjà sílẹ̀. Kò kú lọ́dọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò jí òkú rẹ̀. Ó ń lu ìlù lẹ́yìn olórin, orúkọ onílù sì máa ń kéré lẹ́yìn páálí àwo débi pé ẹni tí ó wọ awò pàápàá yóò fi ọwọ́ tọ́ ọ. Àwọn tí ń kọ ìtàn jùjú kò rí i ní Èkó, àwọn tí ń kọ ìtàn kọ́ńtìrì kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n wá Yorùbá níbẹ̀. Àárín méjèèjì ni ó jábọ́ sí.

Àwọn kan lè sọ pé òun ni ó fà á, pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò bọ́gbọ́n mu tó bí ó ti ń dún lẹ́nu. Tunde King tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà kúrò ní Èkó ní 1939, ó di ẹni àwátì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì padà wálé. Wíwálé rẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹni tí ọmọ ìsìnyí ń dárúkọ. Ohun tí ó ń pa orúkọ olórin rẹ́ ni pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀.

Orin fúnra rẹ̀ kò dúró de àwọn òpìtàn. Nígbà tí Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Island ní 1982, gbogbo ayé gbọ́ gìtá kan nínú rẹ̀ tí ń sunkún tí ó sì ń yọ̀ bí epo: gìtá tí a gbé kalẹ̀ bí tábìlì, tí a ń fi irin dídán fà lórí okùn, tí a sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Démọ́lá Adépọ̀jù ni ó ń ta á. Ọkàn orin kọ́ńtìrì ni gìtá yẹn ní Amẹ́ríkà; láìsí i, Gram Parsons kì bá tí ní ẹgbẹ́. Yorùbá gbà á, ó sì di jùjú, bí àwọn baba wọn ti gba gìtá lọ́wọ́ àwọn Kru.

Ní 2004, Campbell padà sí England, ó gbé ní Plymouth, ìlú èbúté bíi Èkó. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 2006, nígbà tí ó ku oṣù méjì kí ó pé ẹni ọdún 87. Ọdún náà gan-an ni ilé-iṣẹ́ Honest Jon's ní London kó àwọn orin àtijọ́ rẹ̀ jọ sínú àwo kẹta nínú ọ̀wọ́ London Is the Place for Me. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ báyìí, ibẹ̀ ni ó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àwo Melodisc àkọ́kọ́ ṣì lè wà nínú àpótí àwọn àgbà ní Zaria, láàrin ẹrù tí rélùwéè gbé wá láti Èkó. Wọ́n dúdú, wọ́n wúwo ju àwo tí ó dé lẹ́yìn lọ, ìgbà 78 ni wọ́n ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bí wọ́n bá sì bọ́ lọ́wọ́, wọn yóò fọ́ bí àwo oúnjẹ. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan kò gbọdọ̀ fi sípíríìtì nù ún, nítorí sípíríìtì a máa jẹ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ó fi gbọn eruku ọyẹ́ kúrò, kí ó nà án ró lóòró, kí ó gbé e kúrò nínú oòrùn. Kí ó sì wo bébà róbótó tí ó wà láàrin rẹ̀. Bí ó bá rí West African Rhythm Brothers níbẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ àgbà tí ó ni ín ibi tí ó ti rà á àti ẹni tí ó bá a jó o, kí ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé kan, kí ó ki í bọ inú páálí àwo náà.